Fóòmù Ni, Kì í Ṣe Òdòdó

Nínú ìwé kékeré tí a pín níbi ìsìnkú ìyá ìyá mi, gbólóhùn mẹ́rin ni mo kọ nípa rẹ̀. Mo kọ pé onísùúrù ni. Mo kọ pé kò bá ẹnikẹ́ni jà rí. Mo kọ pé ọ̀rọ̀ tútù nìkan ló máa ń ti ẹnu rẹ̀ jáde. Ìkẹrin ni pé Ọ̀wọ̀ la ti bí i, Ọ̀wọ̀ náà ló sì kú sí, èyí nìkan ló sì jẹ́ òótọ́. Èmi tí mo ti ń tọ́jú fáìlì ní ọ́fíìsì ìjọba láti ìgbà tí mo ti jáde ìwé mẹ́wàá, tí n kì í jẹ́ kí bébà kan ṣèèṣì wọ inú fáìlì tí kì í ṣe tirẹ̀, èmi náà ni mo kọ irọ́ mẹ́ta tẹ̀ léra nípa ẹni tó tọ́ mi dàgbà. Ìdí nìyí tí mo fi tún jókòó. Ohun tí mo fẹ́ kọ kì í ṣe ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀. N kò mọ gbogbo rẹ̀, èyí tí mo sì mọ̀, mo máa ń ṣì í túmọ̀, bí ẹ ó ti rí i.

Màmá ni mo ń pè é. Ẹni tó bá rí i pé "ó" ni mò ń kọ fún àgbàlagbà, tí n kò kọ "wọ́n", lè rò pé wọn kò kọ́ mi nílé. Wọ́n kọ́ mi. Èdè Ọ̀wọ̀ là ń sọ nílé wa, bí a sì ṣe ń bá ọmọ sọ̀rọ̀ náà là ń bá bàbá sọ̀rọ̀. Ilé ìwé ni mo ti kó "ẹ" àti "wọ́n" wálé. Ní ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ gbé e dé, mo kúnlẹ̀ dáadáa, mo ní, "Màmá, ẹ káàárọ̀. Ṣé ẹ sùn dáadáa?" Ó bojú wẹ̀yìn. Kò rí ẹnì kankan. Ó yíjú padà sí mi, ó ní, "Èmi pẹ̀lú ta ni?"

Nítorí náà, "ó" ni yóò máa jẹ́ títí dé òpin. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ni mo ti yí sí Yorùbá inú ìwé, kí ará ibòmíràn lè kà á. Ọma ló ń pe ọmọ, ulé ló ń pe ilé. Bí mo bá ba adùn rẹ̀ jẹ́, kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn.

Iṣẹ́ irun ló ń ṣe. Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ iwájú ilé ni àwọn obìnrin ti ń jókòó sáàárín ẹsẹ̀ rẹ̀, tí ó ń fi òwú dúdú di irun wọn, tí ó sì ń sọ fún wọn ohun tí kò tọ́ nínú ìwà wọn. Orí wọn wà lọ́wọ́ rẹ̀. Wọn kò lè dìde. Ọdún tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀ ni wọ́n mú mi wá bá a láti Imeri, níbi tí bàbá mi ti ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, mo dákẹ́, mo sì fẹ́ràn kí gbogbo nǹkan wà ní ipò rẹ̀. Màmá wò mí fún ọ̀sẹ̀ kan, ó wá sọ fún ẹni tó ń di irun fún pé, "Àgbàlagbà kan ti wá ń gbé lọ́dọ̀ mi."

Ọ̀rọ̀ fóòmù, èmi ni mo dá a sílẹ̀, bí ènìyàn bá lè fi àìkíyèsára dá nǹkan sílẹ̀. Aládùúgbò wa kan wà tó ń rán kúṣìn sí àga ìjókòó. Ó máa ń da àjákù fóòmù sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, Màmá sì máa ń ṣà á láti fi ṣe ìrọ̀rí. Ní ọjọ́ Sunday kan tí mo fẹ́ lọ aṣọ ilé ìwé mi, mo fi fóòmù kan tẹ́ abẹ́ aṣọ náà, mo wọ́n omi sí aṣọ, mo gbé áyọ́ọ̀nù eléèédú lé e, mo sì lọ wo ohun tí àwọn kan ń jà lé lórí níta. Nígbà tí mo fi padà dé, aṣọ ti jóná ní igun kan, fóòmù abẹ́ rẹ̀ sì ti pẹlẹbẹ bí ahọ́n. Mo fi pamọ́ sábẹ́ ibùsùn. Màmá rí i láàárín wákàtí kan. Mo ti na ọwọ́ fún ẹgba. Kò nà mí. Ó ń tẹ fóòmù náà síwá sẹ́yìn, ó fà á, ó fi kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó ní, "Ó ti di aṣọ."

Láti ọjọ́ náà ni ilé wa ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe fúláwà. Fúláwà là ń pè é. N kò gbọ́ orúkọ mìíràn fún un lẹ́nu Màmá rí. Á ti fóòmù bọ omi sítáàṣì tí ó ti po búlúù ìfọṣọ mọ́, tàbí àtalẹ̀ pupa tí ó ti gún, èyí tó máa ń fún un ní àwọ̀ bí ìyeyè. Á fún un, á tẹ́ aṣọ tútù lé e, á fi áyọ́ọ̀nù tẹ̀ ẹ́ títí yóò fi pẹlẹbẹ. Lẹ́yìn náà á mú bíléèdì, á gé e ní ewé-ewé. Á ti ki ṣíbí bọ iná, á gbé ewé fóòmù kan sí àtẹ́lẹwọ́, á fi ẹ̀yìn ṣíbí gbígbóná náà tẹ àárín rẹ̀, ewé náà á sì ká sókè bí ìgbà tí ó ń yọ lára igi. Ewé mẹ́jọ, òwú irun láti so ìdí wọn pọ̀, píìnì kan lábẹ́ rẹ̀ láti fi mú un mọ́ irun, ó parí.

Bí ó ṣe ń to ewé wọ̀nyẹn léra wọn kò jọ ti fúláwà kankan tí mo rí nínú ọgbà ẹnikẹ́ni. Bí ìpẹ́ ara akika ló rí, èyí òkè ń bo ìdí èyí ìsàlẹ̀. Ọwọ́ bàbá rẹ̀ ló ti kọ́ ọ. Bàbá rẹ̀ wà lára àwọn tó máa ń rán aṣọ ọdún fún àwọn ìjòyè, aṣọ pupa líle tí wọ́n ń gé bí ìpẹ́ tí wọ́n sì ń tò léra. Orúkọ aṣọ pupa náà ni òdòdó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi orúkọ yìí sọ́kàn. Ẹni tí kì í ṣe ìjòyè kò ní fi òdòdó ṣeré ní Ọ̀wọ̀ ìgbà náà, Màmá kò sì ní ṣe fúláwà pupa fún ẹnikẹ́ni. Àwọn ọmọbìnrin bẹ̀ ẹ́ títí. Ìyàwó pásítọ̀ bẹ̀ ẹ́. Ó ní, "Pupa kì í ṣe tiwa. Búlúù ńkọ́? Kí ni búlúù ṣe fún ọ?"

Èmi náà kọ́ iṣẹ́ yìí, tàbí kí n sọ pé mo jókòó tì í fún ọdún méje. Mo fi rúlà wọn ewé kọ̀ọ̀kan. Mo fi pẹ́ńsù fa ìlà yípo kí n tó gé e. Gbogbo ewé mi dọ́gba pátápátá, fúláwà tí mo bá sì ti so wọ́n pọ̀ tán a máa jọ etí ewúrẹ́ tó rẹ̀. Màmá á gbé e sókè, á yí i padà, á wá ibi tí yóò ti yìn ín. Ní ọjọ́ kan ó wá a tì, ó rọra gbé e kalẹ̀, ó ní, "Jẹ́ kí ó sinmi. Ara rẹ̀ kò yá."

Ní ti ìjà, mo ti kọ sínú ìwé ìsìnkú pé kì í jà. Ó bá ọkùnrin oníkúṣìn jà nítorí pé ó ń gé fóòmù rẹ́gí jù, tí àjákù kò tó mọ́. Ó bá akọrin kan jà nínú ṣọ́ọ̀ṣì nítorí pé ó ń gba orin mọ́ ọn lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ìjà tí ó ń bá mi jà lójoojúmọ́ ni ti bíléèdì. Bíléèdì kan ṣoṣo ló yà sọ́tọ̀ fún fóòmù, ó wà nínú agolo mílíìkì lórí fèrèsé. Bí o bá fi gé èékánná, ó mọ̀. Bí o bá fi gbẹ́ pẹ́ńsù, ó mọ̀. Á wò ó sójú oòrùn, á fi ẹ̀yìn àtàǹpàkò kan ẹnu rẹ̀, á pe orúkọ mi láti ọ̀dẹ̀dẹ̀: "Fọlákẹ́! Bíléèdì fóòmù kì í gé nǹkan mìíràn!"

Ní báyìí, mo gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ orí mi.

Nígbà tí ó kù díẹ̀ kí n wọ ilé ìwé gírámà, làpálàpá mú mi lórí. Ó jinná, ṣùgbọ́n ó kó irun iwájú orí mi lọ, ojú rẹ̀ tó ẹnu ife tíì, ó ń dán. Ilé ìwé àwọn ọmọbìnrin ni mo wọ̀, wọn kì í sì í gba gèlè tàbí fìlà níbẹ̀. Irun kan náà ni gbogbo wa ń dì lọ́sẹ̀ kan: ṣùkú lọ́sẹ̀ yìí, pàtẹ́wọ́ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Mo sọ fún Màmá pé n kò lọ. Ó ṣe fúláwà búlúù kan tó gbòòrò ju ti ìṣáájú lọ, ó fi òwú so ó mọ́ irun etí ibi tó pá náà, ó bò ó dẹ́kú. Báyìí ni mo ṣe wọ Fọ́ọ̀mù Wáànù pẹ̀lú fóòmù lórí. Ẹnì kankan kò mọ̀. Láàárín oṣù méjì, ìdajì kíláàsì ti wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa wá gba fúláwà tiwọn, wọ́n rò pé oge ni mò ń ṣe. Èmi! Ìgbà kan ṣoṣo tí mo ṣáájú nínú oge láyé mi nìyẹn, àpá làpálàpá ló sì gbé mi débẹ̀.

Ibi tí nǹkan pọ̀ dé ló mú kí ilé ìwé fi òfin dè é. Mísì tó ń bójú tó ìwà wa, ọ̀dọ́bìnrin kan láti Ọ̀yọ́ tí kò tíì pé ọdún kan nílùú, fún gbogbo wa ní lẹ́tà lọ sílé. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́. Èmi ni mo máa ń ka lẹ́tà fún Màmá, mo sì fẹ́ràn láti fi hàn pé mo gbọ́ Yorùbá àwọn tíṣà. Bí mo bá ti sọ pé fúláwà, gbogbo ohun tí ó tẹ̀ lé e kì bá tí ṣẹlẹ̀. Mo na ọrùn, mo ní:

"Wọ́n ní akẹ́kọ̀ọ́ kankan kò gbọdọ̀ fi òdòdó sórí wá sí ilé ìwé mọ́."

Ọwọ́ Màmá dúró lórí fóòmù. "Òdòdó?"

"Òdòdó."

"Ta ló fi òdòdó sórí ọmọdé ní Ọ̀wọ̀ yìí?"

Mo la ẹnu láti ṣàlàyé. Mo tún pa á dé. Mo ti rí i pé aṣọ ìjòyè ni ó ń rò, mo sì ti rí i pé bí ó bá ń rò ó bẹ́ẹ̀ lọ, fúláwà mi kò ní kúrò lórí mi. Mo ní, "N kò mọ̀." Ohun tí mo sọ jẹ́ òótọ́ pọ́nbélé. Mo ti mọ bí a ṣe ń fi òótọ́ pọ́nbélé parọ́ láti ọmọ ọdún méjìlá.

"Wo àlejò o," ni Màmá wí, inú rẹ̀ dùn. "Ó mọ àṣà ìlú ju ẹ̀yin ọmọ ibẹ̀ lọ. Mú bébà. Kọ ọ́ pé: Mísì, mo kí ọ. Ohun tí o sọ dára. Láti ayé bàbá mi, òdòdó kò kan orí ọmọ kankan nílé wa, kò sì ní í kàn án. Èyí tó wà lórí ọmọ mi, fóòmù ni, kì í ṣe òdòdó."

Mo kọ ọ́ pẹ̀lú ọwọ́ mi tó dára jù. Mo yí "ọ" padà sí "yín". Mo fi àmì sí gbogbo "òdòdó" láìṣe àṣìṣe kan.

Ní ọjọ́ kejì Mísì ka lẹ́tà náà níwájú kíláàsì, ó gbójú sókè, ó wo orí mi, ó tún ka lẹ́tà náà.

"Fọlákẹ́, ìyá rẹ àgbà ló ní kò sí òdòdó lórí rẹ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Kí wá ni ìyẹn?"

"Fóòmù ni, mà."

Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Ojú Mísì le. "Lọ́la, ìwọ pẹ̀lú ìyá rẹ àgbà. Bí kò bá wá, kí ìwọ náà má wá. Nǹkan yìí yóò sì kúrò lórí rẹ níwájú mi."

Nígbà tí Màmá bọ́ sílé lọ́sàn-án ọjọ́ náà, mo ti di ẹrù mi sínú àpótí. Mo ní Imeri ni mò ń lọ, ìwé ti tó. Mo sọ pé Mísì ní fóòmù náà ni òun ń pè ní òdòdó. Màmá wo orí mi.

"Ṣé o sọ bí orí rẹ ṣe rí fún un?"

"Rárá. Màmá, má sọ ọ́ o. Bí o bá sọ ọ́, n ó kú."

"O ò ní kú," ni ó wí. "N kò sì ní í sọ ọ́. Tú ẹrù yẹn."

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ó pẹ́ nínú balùwẹ̀ ẹ̀yìnkùlé, mo sì ń bínú pé àwa ni yóò dé kẹ́yìn. Nígbà tí ó jáde, ó ti wé gèlè rẹ̀ wálẹ̀ dé ìpéǹpéjú. Ó gbé àpò kékeré kan dání. A rìn lọ, ó ń kí gbogbo ènìyàn lójú ọ̀nà, èmi ń ka ẹsẹ̀ mi.

Níwájú ọ́fíìsì àwọn tíṣà ni Mísì ti gbé àga fún un. Ó kúnlẹ̀ kí i. Àwọn Fọ́ọ̀mù Wáànù ti kún ojú fèrèsé. Màmá kò jókòó. Ó tú àpò rẹ̀, ó yọ àjákù aṣọ pupa kan tó ti gbó jáde, èyí tó kù nínú àpótí bàbá rẹ̀.

"Mísì, òdòdó nìyí. Wò ó dáadáa. Ṣé òun lo rí lórí ọmọ mi?"

"Rárá, Màmá, ẹ má bínú. Òdòdó tí mò ń wí, èyí tó ń yọ lórí igi ni."

"Èyí tó ń yọ lórí igi. Ṣé ó yọ lórí ọmọ mi ni?"

Ẹ̀rín sọ lójú fèrèsé. Mísì náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó gbé e mì. "Màmá, òfin ni. Ohunkóhun tí ì báà jẹ́, kí ó bọ́ ọ."

Ọwọ́ mi ti ń lọ sókè. Màmá di ọrùn ọwọ́ mi mú, ó gbé e sọ̀kalẹ̀. Ó wá na ọwọ́ rẹ̀ kejì, ó tú gèlè ara rẹ̀, níbẹ̀ yẹn, lójú tíṣà àti ọmọdé. Irun funfun kún ẹ̀yìn orí rẹ̀. Ní iwájú, ibì kan pá rodorodo, ó tó ẹnu ife tíì.

Ó ní, "Báyìí ni orí wa ṣe rí nílé wa, gbogbo àwa obìnrin. Ó ti pẹ́. Wò ó lára mi, Mísì. Má wò ó lára ọmọ."

Mísì bẹ̀rẹ̀, ó mú gèlè tó ti bọ́ sílẹ̀, ó gbọn eruku rẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un. "Màmá, ẹ wé gèlè yín." Ó yíjú sí mi. "Fọlákẹ́, lọ sí kíláàsì."

Ó yẹ kí n lọ. Ẹlòmíràn ì bá ti lọ. Èmi tí mo fẹ́ kí ohun gbogbo dájú, mo dúró, mo bi í pé, "Kí n kọ́kọ́ bọ́ ọ ni, mà?"

Mísì wò mí bí ẹni tó ń wo òmùgọ̀, èyí tí mo jẹ́. "Ta ló ní kí o bọ́ fóòmù?"

Nígbà tí mo délé lọ́sàn-án, ọwọ́ mi ń wá ohun tí yóò ṣe. Mo mú agolo mílíìkì láti gé fóòmù, mo yọ bíléèdì jáde. Ọṣẹ ti gbẹ sí i lẹ́nu. Nínú ọṣẹ náà, irun funfun kéékèèké lẹ̀ mọ́ ọn, mo kà wọ́n dé mọ́kànlá kí n tó mọ ohun tí mò ń kà. Mo fọ̀ ọ́, mo nù ún, mo dá a padà sínú agolo. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, irun ti ń ta sókè níwájú orí Màmá bí ọkà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbìn. Ó rí i pé mò ń wò ó. Ó fi ọwọ́ pa á, ó ní, "Irun ilé wa kì í pẹ́ hù."

Tèmi náà hù, kí ọdún náà tó parí. N kò kúrò nílé ìwé títí mo fi ṣe ìdánwò àṣekágbá.

Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, nígbà tí ojú rẹ̀ ti di bàìbàì tí èmi ni mo wá ń di irun fún un, ó jókòó sáàárín ẹsẹ̀ mi níbi tí kò ti lè dìde. Mo rò pé àkókò tó. Mo ní, "Màmá, nígbà tí mo ka lẹ́tà yẹn fún ọ, ṣé o mọ̀ pé fúláwà ni àwọn tíṣà ń pè ní òdòdó?"

Ó ní, "Ìwọ lo lọ sílé ìwé. Kí ni mo mọ̀?"

Mo ti yí gbólóhùn yìí wò láti ọ̀tún àti òsì, n kò tíì mọ fáìlì tí mo lè fi í sí.

Nígbà tí ó kú, èmi náà ni mo kọ ìkéde. Mo kọ ọ́ ní ìsàlẹ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe mú òdòdó wá. Ìbátan wa kan tó ti darúgbó bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ láti Arimogija, ó di mí mọ́ra, ó ní, "O ṣeun tí o kọ ọ́. Kì í ṣe ìjòyè." Ó wá kó ìdì fúláwà ńlá kan lé mi lọ́wọ́, tútù, láti inú ọgbà ara rẹ̀. Mo dúpẹ́. N kò ṣàlàyé nǹkan kan. Ọgbọ́n díẹ̀ ti wọ inú mi.

Ṣùgbọ́n mo ti ṣe ọ̀kan fúnra mi, búlúù, ewé mẹ́jọ, mo fi rúlà wọ̀n wọ́n. Ó jọ etí ewúrẹ́. Kí obìnrin tó ń múra fún òkú Màmá tó wé gèlè rẹ̀, mo fi píìnì so ó mọ́ iwájú orí rẹ̀, níbi tí bíléèdì ti kọjá. Obìnrin náà tẹ orí wò ó.

"Àǹtí, òdòdó ni?"

Mo ní, "Rárá o. Fóòmù ni."